Níbo Ni Kí Ọmọ Yìí Ti Mí?

Mo ṣèlérí lóṣù tó kọjá pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru la ó máa bá lọ, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa tí ń fọn fèrè, mo sì rí i pé ó kan gbogbo ilé tí ọmọ ti ń fọn nǹkan, ìbáà ṣe flute, ìbáà ṣe clarinet, ìbáà ṣe saxophone tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn.

Ìyá kan ló dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ìgbà tí ọmọ mi bá ti ibi ìdánrawò dé ló máa ń sọ pé òòyì ń kọ́ òun. Ó ní ìka ọwọ́ òun máa ń ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Ṣé kí n gba fèrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọbìnrin náà, flute ló ń fọn. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Nígbà tí màmá àgbà wà lórí ibùsùn ìkẹyìn, orin kan ni ọmọ yìí máa ń fi fóònù rẹ̀ ṣí fún wọn lálaalẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Air, tí Bach kọ. Màmá á di ojú, wọ́n á ní kó tún un ṣí. Ọmọ náà wá pinnu pé òun àti ẹgbẹ́ òun ni yóò fọn ọ́n níbi ìsìn ìdágbére. Ẹ̀rù ń ba ìyá rẹ̀ pé kó má lọ ṣubú lulẹ̀ níwájú pẹpẹ lójú gbogbo ayé.

Mo bi í ní gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń bèèrè. Ṣé ó ń jẹun àárọ̀? Ṣé ó ń mu omi? Nǹkan oṣù rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ikọ́ fée wà nínú ìdílé yín? Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ GP, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Mo wá ní ìbànújẹ́ ni, kí ó gbé fèrè sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ forí jì mí. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Aláìsàn ni mo wò, n kò wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìsìn ìdágbére ku ọjọ́ méjìlá, èmi ní kí ọmọ fi fèrè sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá! Ìyá rẹ̀ ló pè mí lọ́jọ́ kejì pé ọmọ ò sùn, ẹkún ló fi òru sun.

Ni mo bá gba ibi ìdánrawò lọ ní Sátidé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbé aago mi dání bí mo ṣe máa ń ṣe lẹ́bàá ibùsùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka èémí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú orin tí í ṣe. Nǹkan bí ọdún 1730 ni ìwé rẹ̀ tó pẹ́ jù tó wà lọ́wọ́ wa ti wá. Ó jẹ́ apá kejì nínú àkójọ orin kan tí Johann Sebastian Bach kọ ní Jámánì, ìkẹta nínú irú rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ BWV 1068. Nínú àwọn apá yòókù, trumpet mẹ́ta wà níbẹ̀, oboe méjì wà níbẹ̀, ìlù ńlá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé Air, gbogbo àwọn tí ń fọn nǹkan á gbé ohun èlò wọn lé itan, ohun èlò olókùn nìkan ló kù, àti àwọn tó ń gbe bàsì wọn lẹ́sẹ̀. Bach fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn afọnfèrè sinmi níbẹ̀ o. Orin tó ní kí wọ́n fi gbọ́ ni àwọn ọmọ wa fẹ́ fọn.

(Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ ọ́n sí "Air on the G String". August Wilhelmj, ará Jámánì kan tó ń ta violin, ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sọ ọ́ kalẹ̀ kí òun lè ta á lórí okùn kan ṣoṣo. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún àwọn ọmọ yín pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti tún orin Bach tò, ẹ bi í pé èwo ló ń gbọ́ ní tirẹ̀.)

Àwọn ọmọ rò pé "air" inú orúkọ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni. Rárá, "orin" ló túmọ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wàhálà tó dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, wàhálà afẹ́fẹ́ gan-an ni.

Ẹ rántí ẹni tó ń ta gòjé nínú sákárà. Ọrun rẹ̀ ń lọ, ọrun rẹ̀ ń bọ̀ lórí okùn. Bó bá dé ìpẹ̀kun, á yí padà, ohùn kò ní já. Ẹni tó ń ta á lè mí nígbà tó bá wù ú, ó lè wúkọ́, ó lè kí ẹni tó ń wọlé bọ̀. Bí violin ṣe rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọn fèrè, èémí tó fi wà láàyè náà ló fi ń kọrin. Kò ní méjì.

Ọmọ tó tún orin náà tò jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án ló fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bàbá rẹ̀ ti ń kùn, nítorí ìdánwò GCSE ti dé tán. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ìlà violin kìíní fún flute, ó gbé violin kejì fún clarinet, ó gbé viola fún clarinet kejì àti alto saxophone, ó sì gbé ìlà cello fún euphonium. Nóòtì kan kò sọnù. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Àǹtí, ohun tí Bach kọ gan-an ni mo kọ." Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ni Bach kọ ọ́ fún.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́ máa ń mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti mí lẹ́ẹ̀kan. Air yìí jẹ́ báà 18 péré, 6 lápá kìíní, 12 lápá kejì, wọ́n sì máa ń tún apá kọ̀ọ̀kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú márùn-ún, báà kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8. Nóòtì àkọ́kọ́ violin kìíní nìkan kún báà kan fọ́fọ́, ó tún wọnú èkejì. Kí nóòtì kan ṣoṣo yẹn tó tán, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ti mí lẹ́ẹ̀mejì, bóyá lẹ́ẹ̀mẹta. Nóòtì náà ò sì tíì parí gbólóhùn rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ti ìsàlẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nóòtì mẹ́jọ ni bàsì ń ta nínú báà kan, ó ń fò láti ìsàlẹ̀ sókè, láti òkè sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń rin ìrìn àjò tí kò fẹ́ jókòó sábẹ́ igi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi ìsinmi títí orin fi parí. Ojú ọmọ tó ń fọn euphonium pọ́n bí ata rodo. Ó ti wá ọgbọ́n ti ara rẹ̀: ibi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ó fo nóòtì mẹ́ta. Gbogbo orin á wá já sí kòtò, àwọn yòókù á máa wo ara wọn.

Mo wá yíjú sí ọmọ wa. Ó gbé afẹ́fẹ́ mì gbùn-ún, ó fẹ́ ẹ tagbáratagbára kí nóòtì lè dé òpin, kò dúró, ó tún gbé òmíràn mì. Lẹ́yìn apá kìíní, ó ti di ara ìjókòó mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọn flute, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Fèrè tiyín kò ní ahọ́n esùsú tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà bíi ti clarinet. Ẹ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kọjá lórí ihò ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ wọnú fèrè. Nítorí náà afẹ́fẹ́ yín máa ń tètè tán. Bí ẹ bá wá ń mí sínú púpọ̀ tí ẹ ń fẹ́ ẹ síta kíákíá, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ yín á lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ara nílò díẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá lọ sílẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú ọpọlọ á fún, òòyì á kọ́ yín, ìka á máa ro yín. Ìyá rẹ̀ rò pé ọmọ òun kò rí afẹ́fẹ́ tó; mímí àmíjù ló ń ṣe é.

Oboe tún yàtọ̀. Ihò ibi tí wọ́n ń fọn ọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kì í tán lára. Ẹni tó ń fọn ọ́n á kún fún afẹ́fẹ́ àlòkù títí àyà á fi fẹ́ bẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí síta kó tó lè mí sínú. Ẹ rí i pé ẹni tó bá fẹ́ tún orin tò fún ohun èlò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́yìn ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Ó lè gbé gbólóhùn gígùn fún oboe, kó sì fi ààyè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún mímí méjì. Flute fẹ́ gbólóhùn kúkúrú. Tuba, afẹ́fẹ́ tó ń jẹ kò kéré.

Ẹ̀yin òbí, kí n tètè sọ èyí: bí ọmọ yín bá dákú pátápátá, bí àyà bá ń dùn ún, bí àyà rẹ̀ bá ń lù kìkì láìnídìí, tàbí bó bá ń mí hánhán bí ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe oògùn. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó tún fọn nǹkan.

Ọmọ tó tún orin tò wo ìwé rẹ̀, ó fẹ́ ya á. Mo ní kó má ya á. Mo sọ fún un pé Mozart náà kérora nípa iṣẹ́ yìí. Ní July 1782, ní Vienna, opẹ́rà rẹ̀ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó sì fẹ́ fúnra rẹ̀ tún un tò fún ohun èlò afẹ́fẹ́ kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀ gba owó ibẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni Ọba Joseph Kejì dá ẹgbẹ́ afọnfèrè ẹlẹ́ni mẹ́jọ tirẹ̀ sílẹ̀: oboe méjì, clarinet méjì, horn méjì, bassoon méjì. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lòde, gbogbo ọlọ́lá ló ń fẹ́ ẹ. Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé èèyàn ò lè mọ bó ṣe le tó láti ṣe é kó bá ohun èlò afẹ́fẹ́ mu, kí adùn orin náà má sì dínkù. Nígbà tó yá, ó tún ṣe òdìkejì rẹ̀: ó mú orin tó kọ fún afọnfèrè mẹ́jọ, ó gbé e fún olókùn márùn-ún. Lójú tèmi, ìyẹn rọrùn. Bí a bá gbé orin afẹ́fẹ́ lọ sórí okùn, kò sẹ́ni tí òòyì máa kọ́.

Èmi kì í ṣe olórin. Alto ni mo ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó ṣe: kó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan jáde, láti òkè délẹ̀, kó sì fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó bá ti mí. Ojú tì í díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Àwọn àmì náà kò bọ́ síbi tí òun rò. Ó ti lérò pé òpin báà ni kí ẹni mí. Orin ò mọ báà, gbólóhùn ló mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìsìn, tó ń sinmi láàárín orúkọ ẹni, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Lẹ́yìn náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nóòtì gígùn àkọ́kọ́ yẹn, clarinet ló wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí clarinet lè yọ wá láti inú ìdákẹ́jẹ́ láìsí ẹni tó mọ ìgbà tó dé. Kí báà kìíní tó parí, flute wọlé sórí nóòtì kan náà, clarinet sì fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó gba ẹrù lórí ẹlòmíràn láì jẹ́ kó kanlẹ̀. Bàsì ni ó gbà wá lákòókò jù. Ọmọ kan yá bass clarinet wá láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Euphonium gba báà kan, bass clarinet gba èyí tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fọn nóòtì àkọ́kọ́ ẹni tó ń gbà á, kí ojú ibi tí a ti rán an má baà hàn. A dán an wò lọ́nà mẹ́rin kó tó dára. Ní ọ̀nà kẹta, àwọn méjèèjì mí lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín títí.

Ohùn orin náà tún wà níbẹ̀. D ni Bach fi kọ ọ́, èyí sì bá okùn violin mu. Bí àwọn tiwa bá fọn ọ́n bẹ́ẹ̀, clarinet á rí sharp mẹ́rin nínú ìwé rẹ̀, alto saxophone á rí márùn-ún. Ìyà wo nìyẹn? Ọmọ náà gbé e sókè díẹ̀ sí E flat. Clarinet bọ́ sí F, alto saxophone bọ́ sí C tí kò ní sharp kankan. Ìdajì àṣìṣe wọn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àmì tẹ́ẹ́rẹ́ tó so nóòtì pọ̀ lórí ìwé náà kò ṣeé kọ bó ṣe wà, nítorí fún violin, ọ̀nà tí ọrun ń gbà ló ń fi hàn, ṣùgbọ́n fún afọnfèrè, ó ń sọ ibi tí ahọ́n kò gbọ́dọ̀ ti kan nóòtì ni. Orin olókùn mìíràn ní tirẹ̀: èyí tí wọ́n ń fi ìka ja okùn rẹ̀, èyí tí violin kan ń ta ohùn méjì pọ̀, tí fèrè méjì ní láti pín. A dúpẹ́ pé Air kò fi ìyẹn kún un.

Ẹnìkan dábàá pé kí a fi ìlù sí i. Mo ní kó fi sílẹ̀ fún ìgbà ìdúpẹ́.

Ní ọjọ́ ìsìn, ìjókòó kejì ni mo wà, aago kò sí lọ́wọ́ mi. Clarinet bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí flute wọlé, mo kàn gbọ́ pé ohùn náà ti mọ́lẹ̀ sí i. Kí wọ́n tó tún apá kejì bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà sọ fèrè kalẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó mí, kò kánjú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbọ́ èémí náà. Ìyá rẹ̀ tó ti di ọwọ́ mi mú láti ìbẹ̀rẹ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Bàbá ọmọ tó tún orin tò kò tíì yéé kùn, nítorí ọmọ náà ti rí iṣẹ́ mìíràn. Ó ń fẹ́ African Suite tí Fela Sowande kọ ní 1944, orin olókùn àti hápù. Ọmọ Yorùbá ni, ìlú London níbí ló sì ń gbé nígbà náà. Ó wá di olórí atẹdùùrù ní Kingsway Hall fún àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ "Nostalgia", àárò ilé nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ní kó dúró. Bach kú ní 1750, kò sí ẹni tí a ó tọrọ àṣẹ orin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúntò tí ẹlòmíràn bá ṣe lóde òní, ti onítọ̀hún ni. Sowande kú ní 1987. Òfin ilẹ̀ Britain fún orin ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn títí di òpin 2057. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá tún irú orin bẹ́ẹ̀ tò láì gbàṣẹ, ohun olóhun ló mú, bó ti wù kó fi inú ire ṣe é tó.

Nítorí náà a ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ orin náà. Èsì kò tíì dé. Ọmọ náà ń fi ẹnu kọ ìlà violin kìíní kiri inú ilé, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀.

Lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ṣèlérí.